Ìyá Ìbejì Kan Ṣoṣo Nínú Kọ̀ǹpútà

Inú máa ń bí mi tí mo bá rí bí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà lónìí ṣe ń wá nǹkan. Wọ́n á to gbogbo fáìlì iṣẹ́ wọn sí apá òsì, wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo síbi ìwákiri, kọ̀ǹpútà á sì wo inú gbogbo fáìlì náà lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n á mú èyí tí wọ́n fẹ́, wọ́n á fi èyí tí wọn kò fẹ́ sílẹ̀. Wọ́n á tún máa ráhùn pé ó pẹ́. Ó pẹ́ kẹ̀! Mo máa ń dákẹ́ ni, nítorí tí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ibi tí ọ̀rọ̀ náà máa gbé mi dé, mi ò fẹ́ débẹ̀ níwájú èèyàn.

Sabon Gari, ní Kano, ni wọ́n bí mi sí. Èdè Hausa ni mo fi ń dá màmá mi lóhùn títí mo fi dàgbà, ó sì máa ń bí wọn nínú débi pé wọ́n á ní kí n lọ máa gbé lọ́dọ̀ ẹni tó bí mi ní Hausa. Mo kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Zaria. Nígbà tí mo padà wálé, láàárín àwọn ọdún 1980 sí 1989 yẹn, mo ríṣẹ́ sí ọ́fíìsì Alhaji kan ní Nassarawa GRA. Àwọn oníṣòwò ọjà Singer ló ń gbéṣẹ́ wá fún wa. Èmi ni mo ń kọ ètò tí yóò sọ fún wọn iye páálí mílíìkì àti ọṣẹ tó kù ní sítọ́ọ̀ wọn. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo la ní. Ó ń kùn bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun, ṣùgbọ́n èmi fẹ́ràn rẹ̀. Ní àdúgbò wa, Sìsítà Kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń pè mí, orí mi a sì máa wú.

Ọdún kan, àwọn nọ́ọ̀sì wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ́jọ́ ìsinmi, wọ́n yẹ irú ẹ̀jẹ̀ tí olúkúlùkù ní wò. Èmi kò lọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà, mo ń fọṣọ. Pásítọ̀ ní kí a tẹ káàdì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kó lè wúlò lọ́jọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ọ̀gá mi gbà kí a lo ẹ̀rọ náà ní ọ̀sán Sátidé, ṣọ́ọ̀ṣì sì yan Màmá Díákónẹ́ẹ̀sì pé kí wọ́n wá tẹ̀ ẹ́. Màmá yìí máa ń ra abọ́ ní Singer tí wọ́n ń tà fáwọn alátẹ. Wọ́n ti ṣe akọ̀wé rí nígbà èwe wọn, ọwọ́ wọn sì yá lórí bọ́tìnnì ju tèmi lọ.

Mo ṣàlàyé fún wọn pé fáìlì tirẹ̀ ni ẹnì kọ̀ọ̀kan máa ní, pé orúkọ fáìlì kò gbọdọ̀ ju lẹ́tà mẹ́jọ lọ, nítorí náà kí wọ́n fi orúkọ ẹni náà gan-an sí i.

Màmá bọ́ awò ojú wọn.

"Orúkọ wọn? Bàbá tó dúró bíi bàbá fún mi lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi, kí n wá kọ orúkọ wọn ṣákálá bí ẹni ń pe ọmọ ọ̀dọ̀? Ọmọ yìí, Zaria ti bà ọ́ jẹ́."

"Mà, kọ̀ǹpútà ò mọ àgbà, mà."

"Èmi mọ̀ wọ́n."

Bó ṣe di pé gbogbo fáìlì náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Bàbá, Màmá, Ìyá, Bọ̀ọ̀dá àti Sìsítà nìyẹn. Oyè àpọ́nlé ti jẹ púpọ̀ nínú lẹ́tà mẹ́jọ náà kó tó kan orúkọ. Nígbà tí àyè kò tó mọ́, wọ́n fi nọ́ńbà kún un: Màmá kan, Màmá méjì, Bàbá mẹ́ta. Inú fáìlì náà kò sàn jù ú lọ. Ìyá Ẹlẹ́ran wà níbẹ̀, Dádì Kúáyà wà níbẹ̀, ẹnì kankan kò ní orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Níbi tí mo ní kí wọ́n kọ àdírẹ́sì sí, "Sabon Gari" ni wọ́n kọ fún gbogbo ayé, àfi bọ̀ọ̀dá kan tó ń gbé ní GRA, tí wọ́n kọ "ọ̀dọ̀ àwọn olówó" fún. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. A kò rí káàdì náà tẹ̀ sórí ìwé, nítorí rìbọ́ǹnù ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tán, òmíràn kò sì sí ní Kano. Ìwé tí àwọn nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ kọ ọ́ sí, Màmá ti fi wé abọ́ fún oníbàárà.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bímọ ní ọsibítù kan ní àdúgbò wa. Òwúrọ̀ ni ó bí i. Ọmọ náà ké dáadáa, gbogbo wa dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kò dá lára ìyá. Wọ́n paṣọ dà, wọ́n tún un pa dà. Nígbà tí dókítà jáde sí wa, kò jókòó.

"Make una find blood sharp-sharp. Na O negative. Other one no go gree enter am."

Èmi kọ́kọ́ na apá mi. Tèmi kò bá a mu. Ti màmá wa kò bá a mu, ti ọkọ rẹ̀ náà kò bá a mu. Níbi tí wọ́n ń kó ẹ̀jẹ̀ pa mọ́ sí, irú rẹ̀ kò sí nílẹ̀. Mo wọlé lọ wò ó. Ojú rẹ̀ wà ní pípadé, ètè rẹ̀ ti funfun. Mo pè é ní Sìsítà mi bí mo ṣe máa ń pè é, kò dáhùn. Màmá wa gbé ọmọ tuntun náà dání, àwọn náà ń pè é, kò dáhùn.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí àwọn fáìlì ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní kí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi sáré lọ sí Singer, kó wá Màmá Díákónẹ́ẹ̀sì láàárín àwọn alábọ́, kó gbé wọn wá, bóyá wọ́n á rántí nǹkan. Èmi wọ kabúkabú, ó di GRA.

Ọ̀gá mi bá àwọn oníbàárà jókòó. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn tèémítèémí. Ọ̀gá mi dìde fún mi lórí ìjókòó, wọ́n ní kí n lọ ṣe iṣẹ́ mi.

"Subhanallahi. Je ki yi aikinki."

Ni mo bá jókòó síwájú ẹ̀rọ náà. Ètò tí mo fi ń kọ iṣẹ́ mi nígbà yẹn, fáìlì kan ṣoṣo ló lè ṣí. Tí o bá fẹ́ wá ọ̀rọ̀ kan, inú èyí tó wà níwájú rẹ nìkan ló máa wò. Mo ṣí Màmá kan, mo wá a, kò sí. Mo pa á dé. Mo ṣí Màmá méjì, díìsì ń kùn, ń kùn, kò sí. Mo wo orúkọ tó tò lọ sílẹ̀ lójú ẹ̀rọ, Màmá, Màmá, Bàbá, Ìyá, Ìyá. Ẹ̀jẹ̀ ń dà ní Sabon Gari, èmi ń ṣílẹ̀kùn, mò ń tì í ní GRA.

Mo fi ọwọ́ bo ojú, mo fi ipá ronú. Ó wá sí mi lọ́kàn pé tí èmi kò bá lè wo fáìlì púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo lè sọ wọ́n di ẹyọ kan. Mo jáde kúrò nínú ètò náà. Mo fi àmì ìràwọ̀ kékeré tó dúró fún ohunkóhun tó bá wà níbẹ̀ sínú àṣẹ, mo ní kí ẹ̀rọ da gbogbo wọn jọ sínú fáìlì kan ṣoṣo, Bàbá, Màmá, Ìyá, Bọ̀ọ̀dá, gbogbo wọn. Ó kùn fún ìgbà díẹ̀, ó parí. Mo ṣí ẹyọ kan náà, mo kọ irú ẹ̀jẹ̀ tí mò ń wá, mo tẹ bọ́tìnnì.

Ó dúró sójú kan. Mo tún tẹ̀ ẹ́, kó lọ sórí òmíràn, ó ní òmíràn kò sí. Nínú gbogbo ìjọ wa, ẹnì kan ṣoṣo ló ní ẹ̀jẹ̀ yẹn. Mo ka ohun tí Màmá kọ: Ìyá Ìbejì, Sabon Gari.

N kò mọ̀ bóyá kí n ké tàbí kí n fi orí gbá ẹ̀rọ náà. Mo ti rí ohun tí mo wá, kò sì yàtọ̀ sí pé n kò rí i. Ìyá Ìbejì wo? Ojú títì wo ni kò ní tiẹ̀ ní Sabon Gari? Nígbà tí mo sọ fún awakọ̀ kabúkabú tó dúró dè mí, ó yí ojú sẹ́yìn wò mí.

"Mama twins? Ah, sister. Them plenty o."

A bẹ̀rẹ̀ láti àdúgbò ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá Ìbejì kan tó jẹ́ onídìrí ń dirun lọ́wọ́ níbẹ̀. Ó ní òun wà ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ tí àwọn nọ́ọ̀sì wá, wọ́n gún òun lábẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n òun kò rántí ohun tí wọ́n pe ẹ̀jẹ̀ òun. Ó fi oníbàárà rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú orí àbọ̀, ó wọ mọ́tò. Ó mú wa lọ sọ́dọ̀ Ìyá Ìbejì mìíràn, ẹni tó ń tọ́ àwọn tiẹ̀ lọ́wọ́. Ìyẹn pọn ọ̀kan, ó gbé ìkejì fún mi. Bí a ṣe ń jáde, Ìyá Ìbejì kan tó jẹ́ Mùsùlùmí, tí ìsọ̀ aṣọ rẹ̀ wà níwájú ilé náà, gbọ́ ohun tí à ń sọ.

"Èmi ò kí ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì yín o. Ṣùgbọ́n kí wọ́n yẹ tèmi náà wò. Mú hijabi mi yẹn wá fún mi."

Mo sunkún nínú mọ́tò náà. Wọn kò béèrè ọmọ ta ni aláìsàn náà, wọn kò béèrè ìlú rẹ̀. Wọ́n kàn fún pọ̀ mọ́ra lórí ìjókòó, wọ́n ń sọ fún awakọ̀ pé kó tẹná mọ́ ọn.

Ọ̀ọ̀dẹ̀ ọsibítù kún fún Ìyá Ìbejì. Wọ́n ti ká apá aṣọ wọn sókè kí nọ́ọ̀sì tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Nọ́ọ̀sì gba ẹ̀jẹ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó lọ, ó bọ̀, ó ń mi orí. Ti onídìrí kò bá a mu. Ti abiyamọ kò bá a mu. Ti Alhaja aláṣọ kò bá a mu, ó sì ní kí wọ́n tún un yẹ̀ wò. Mo dì mọ́ ògiri, n kò mọ ibi tí mo tún lè sá lọ.

Ìgbà náà ni ọkọ ẹ̀gbọ́n mi mú Màmá Díákónẹ́ẹ̀sì wọlé, eruku Singer lára wọn. Mo dì wọ́n lápá mú.

"Mà, Ìyá Ìbejì tí ẹ kọ sínú kọ̀ǹpútà, èwo ni nínú wọn? Ẹ jọ̀ọ́, mà, èwo ni?"

Wọ́n wo àwọn obìnrin tó wà ní ọ̀ọ̀dẹ̀ náà lójú ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Wọ́n ní kò sí níbẹ̀. Wọ́n kọjú sí ilẹ̀kùn yàrá tó ṣí sílẹ̀, wọ́n rí ẹ̀gbọ́n mi lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n sì ju àpò ọwọ́ wọn sílẹ̀.

"Ìyá Ìbejì!"

Gbogbo obìnrin inú ọ̀ọ̀dẹ̀ náà yíjú. Ṣùgbọ́n orí bẹ́ẹ̀dì ni ìdáhùn ti wá. Ẹ̀gbọ́n mi, tí kò tíì dá ẹnikẹ́ni nínú wa lóhùn láti àárọ̀, la ojú.

"Mà."

Ìgbà tí mo wà ní Zaria ló bí ìbejì, ìgbà tí mo wà ní Zaria náà ni wọ́n kú, n kò fojú kàn wọ́n rí. Màmá wa ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pè é bẹ́ẹ̀ mọ́ nínú ilé, kí ọgbẹ́ náà lè jiná. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọn kò yé pè é bẹ́ẹ̀, orúkọ yẹn náà sì ni Màmá Díákónẹ́ẹ̀sì tẹ̀ sínú fáìlì rẹ̀. Kò sì wá sí mi lọ́kàn, nítorí ẹni tó máa fún un lẹ́jẹ̀ ni mò ń wá.

Màmá Díákónẹ́ẹ̀sì wọlé lọ dì í lọ́wọ́ mú, wọ́n ń pè é, wọ́n ń pè é. Kò dáhùn mọ́. Ẹ̀jẹ̀ tí à ń wá kiri Sabon Gari láti fi gbà á là, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ló ti ń kán sí láti òwúrọ̀.