Iyọ̀ Inú Ọbẹ̀ Ìyá Ìyàwó Mi

Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà mí gbọ́, mi ò sì dá yín lẹ́bi. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ ròyìn bí òun ṣe kọ́ irọ́ pípa, ta ni yóò fojú olóòótọ́ wò ó? Ṣùgbọ́n mo rántí ìgbà náà dáadáa, nígbà tí igbó Ṣàngótẹ̀dó ṣì pọ̀ ju ilé lọ. Tíṣà ni mí nígbà náà. Ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ, mo sì ti fún ara mi lóyè kan tí ẹnikẹ́ni ò fi mí jẹ: Olóòótọ́. Bí ọmọ kan bá béèrè bóyá òun máa yege, n ó sọ fún un lójú ẹ̀ pé kò dá mi lójú. Mo rò pé ìwà ọmọlúàbí nìyẹn.

Tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi kan ni mo fẹ́ fẹ́. Ọmọ Elékò ni. Bàbá rẹ̀ ń pẹja, ìyá rẹ̀ ń yan ẹja tà. Lọ́jọ́ Sátidé tí mo kọ́kọ́ fẹ́ lọ fojú han àwọn òbí rẹ̀, ó ti ń kìlọ̀ fún mi látinú ọkọ̀.

"Tí màmá mi bá bi ẹ́ pé ọbẹ̀ ńkọ́, 'Ó dùn, mà' ni kó o sọ. Má lọ ṣe tíṣà fún wọn o."

"Tí kò bá wá dùn ńkọ́?"

"Ó dùn, mà," ló tún wí, bí ẹni ń kọ́ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi.

Ìyá náà gbé ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ẹja tútù síwájú mi, ó dúró tì mí, ó ń nu ọwọ́ sí ìró. Òkèlè kìíní wọlé, àfi bí ẹni pé mo lanu sínú òkun. Ẹni tí mo ń fẹ́ ń ṣẹ́jú sí mi títí.

"Ọbẹ̀ ńkọ́, ọmọ mi?"

"Iyọ̀ ti pọ̀ jù, mà. Kò sì dáa fún ẹni tó bá lẹ́jẹ̀ ríru."

"Ẹ ṣeun, Dókítà," ló dá mi lóhùn, ó gbé abọ́ náà kúrò níwájú mi. 'Ọmọ mi' ti lọ, 'ẹ' ti dé, kì í sì í ṣe 'ẹ' ọ̀wọ̀. Láti ilé ìdáná ni mo ti gbọ́ ohùn rẹ̀: "Ẹni tí ò lè bo àṣírí ọbẹ̀, ṣé àṣírí ọmọ mi ló máa bò? Kó máa lọ." Omi kún ojú ẹni tí mo ń fẹ́.

Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà. Èmi àti ọjà mi jókòó síbẹ̀, títí tí bàbá fi ní kí n bá òun rìn dé etí òkun nírọ̀lẹ́. A ò tíì rìn jìnnà nígbà tí ẹyẹ kékeré kan bọ́ síwájú mi, tó ń wọ́ ìyẹ́ apá kan nílẹ̀. Àánú ṣe mí, mo tọ̀ ọ́ lẹ́yìn kí n lè mú un. Mo sáré, ó ń wọ́ lọ. Mo bẹ̀rẹ̀, ó tún sún síwájú. Nígbà tí mo ti ń mí hẹlẹ, ó na ìyẹ́ méjèèjì, ó fò lọ ní tiẹ̀.

Bàbá ti jókòó sórí iyanrìn, ó ń rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, ẹyin ẹ̀ rèé níbí. Ó ku díẹ̀ kó o tẹ̀ ẹ́ fọ́ ló ṣe tàn ẹ́ lọ. Iléèwé wo ló lọ?"

Ojú tì mí. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo kọ́ àwọn ọmọ bí alágẹmọ ṣe ń fi àwọ̀ tan ẹni tó fẹ́ pa á jẹ, kò sì wá sí mi lọ́kàn rí pé ọ̀rọ̀ náà kàn mí.

"Olè ń purọ́ kó lè gbé nǹkan," ni bàbá wí. "Èyí ń purọ́ kó má bàa sọ nǹkan nù. Ìyá ilé yẹn, àárọ̀ ló ti ń se ọbẹ̀ dè ẹ́."

Ọkọ̀ Ajah ti tán. Wọ́n tẹ́ ẹní fún mi ní pálọ̀.

Mo ti dàgbà báyìí. Tírélà tó ń lọ sí èbúté ń mi ilé wọn ní Elékò tìtì, bàbá sì ti re ibi àgbà ń rè. Mo máa ń rò ó pé irọ́ ti wà láyé kí ẹnu tó mọ ọ̀rọ̀ sọ, ṣùgbọ́n irọ́ tiwa èèyàn, ó ní láti jẹ́ pé ọjọ́ tí ẹni méjì kọ́kọ́ jọ jókòó ti ìkòkò kan ló bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní bí irọ́ lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòtítọ́ ń bá a. Ogún ọdún tèmi ti kọjá. Ọbẹ̀ ìyàwó mi ṣì ń dùn ní gbogbo ọjọ́, òtítọ́ ò sì tíì débẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo sùn ní pálọ̀ wọn yẹn, ìyá náà tún gbé abọ́ síwájú mi, kò kí mi. Mo tọ́ ọ wò. Ó tẹ́ bí omi kànga.

"Iyọ̀ ńkọ́, Dókítà?"

Mo rántí ẹyẹ àná, mo wọ́ ìyẹ́ mi nílẹ̀. "Ó ṣe wẹ́kú, mà. Ó dùn gan-an."

Ó wò mí títí. "Mi ò fi iyọ̀ kankan sí i."

Ó tú etí ìró rẹ̀, ó mú iyọ̀ tó dì síbẹ̀ jáde, ó wọ́n ọn sínú abọ́ mi.

"Jẹun, ọmọ mi."