Ọjọ́ Tí Èèrà Wọ Pálọ̀ Àǹtí Morẹ́nikẹ́

Òórùn káńfọ̀ ló fà á. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan báyìí, mo jókòó sí kíṣìnì, mò ń ṣa ẹ̀wà, ni Títílayọ̀, ọmọ ọmọ mi, bá ṣí àpótí onígi kan ní pálọ̀. Háà! Òórùn yẹn gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ wá bá mi níbi tí mo wà, mo dìde fùú, ẹ̀wà dà sílẹ̀. Láti ìgbà tí orúnkún mi ti bẹ̀rẹ̀ wàhálà rẹ̀, mi ò dìde bẹ́ẹ̀ rí. "Ìyá Àgbà, kí ló dé?" ni Títí ń bi mí. Mo ti ki orí bọ inú àpótí.

Àpótí Àǹtí Morẹ́nikẹ́ ni, àbúrò bàbá mi tó lọ́kọ sí Ìfọ́n, tó sì sùn nínú Olúwa níbẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ pípẹ́ láyé. Bísí, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ló fi ránṣẹ́ sí wa nígbà tó gbọ́ ohun tí Títí ń wá kiri. Kí ni Títí ń wá? Ẹ gbọ́ ná. Aránṣọ ni Títí, Òṣogbo ló ti ń ṣiṣẹ́, àràárọ̀ ló ń wọkọ̀ lọ. Ó rí nǹkan kan lórí fóònù tí wọ́n ń pè ní àṣà ayé Kúìnì Fikitóríà, nǹkan náà sì ti wọ̀ ọ́ lórí. Kọ́tìnì léèsì ló ta sí yàrá. Ó sá òdòdó gbẹ, ó fi wọ́n kọ́ ara ògiri. Aṣọ tó ń rán fún ara rẹ̀ báyìí, ọrùn rẹ̀ ga dé àgbọ̀n, bọ́tìnnì tíntìntín sì tò láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́. Lóṣù tó kọjá, ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà sí àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ó wọ́n pọ́dà sí i, ó fi ríbọ́ọ̀nù dì í. Ẹ̀rù ba ọmọkùnrin náà, ló bá pè é lórí fóònù: "Títí, ṣé kò sí wàhálà o? Àbí o fẹ́ kọ̀ mí ni?" Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Ohun tó wá kù nílẹ̀ ni àpèjẹ tíì tó fẹ́ ṣe lọ́jọ́ Sátidé lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìlobù níbí; torí ẹ̀ ló ṣe ń wá léèsì àtijọ́ kiri. Gbogbo ẹni tó bá ń bọ̀ gbọ́dọ̀ dé àkẹtẹ̀ tàbí kó gbé agboòrùn eléèsì dání. "Ìyá Àgbà," ló wí, "nǹkan tuntun tó wà níta nìyí o."

Tuntun kẹ̀! Ṣé èmi lẹ fẹ́ sọ ìyẹn fún? Èmi tí wọ́n fi léèsì wò dàgbà!

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jókòó kí n sọ fún yín. Ilé alámọ̀ onípáànù ni ilé Bàbá Àgbà mi, bàbá tó bí bàbá mi. Iṣu wà ní yàrá kan, àgbàdo wà ní òmíràn, ewúrẹ́ sì ń wọlé wọ̀de bí ẹni tó ní ìpín nínú ogún. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá wọ pálọ̀ iwájú, ayé ọ̀tọ̀ ni. Àǹtí Morẹ́nikẹ́ ló ni ibẹ̀. Tíṣà ni, òun ló kàwé jù nínú àwọn ọmọ Bàbá Àgbà, ìyá òyìnbó kan ló sì kọ́ ọ ní iṣẹ́ abẹ́rẹ́ nílé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́bìnrin. Kò sí ohun tó dúró jẹ́ẹ́ nínú pálọ̀ yẹn tí Àǹtí ò hun kóróṣè wọ̀. Ẹ̀yìn àga, apá àga, orí rédíò, ìdí fìtílà, kódà agolo bísíkíìtì ní ẹ̀wù tirẹ̀. Ìyá Àgbà mi máa ń kìlọ̀ fún àwọn àlejò pé, "Ẹ má jókòó pẹ́ jù lọ́dọ̀ Morẹ́nikẹ́ o, kó má baà hun nǹkan bò yín."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi wá lóyin. Àǹtí á wọ ìbọ̀wọ́ funfun nínú oòrùn Ìlobù tí ẹ mọ̀ yìí, á gbé agboòrùn tó fúnra rẹ̀ rán léèsì sí létí, nítorí wọn ò ta irú rẹ̀ ní Òṣogbo. Ní apá kejì ni Tíṣà Adébáyọ̀, ọmọ Ìfọ́n tí wọ́n jọ ń kọ́ni nílé ẹ̀kọ́ kan náà, pẹ̀lú àkẹtẹ̀ àti bàtà tó ń dán. Èmi ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mo máa ń wà láàárín, torí kò bójú mu kí wúńdíá àti ọkùnrin dá rìn. A ó rìn dé orí afárá odò, a ó sì padà. Tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ìfẹ́, Tíṣà á wúkọ́, á ní, "Míìsì, afẹ́fẹ́ ìrọ̀lẹ́ yìí mà dára o." Àǹtí á ní, "Ó dára gan-an, Tíṣà." Ó parí! Ó sì ti tó wọn, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín músẹ́ títí a ó fi délé. Àwọn lẹ́tà tí Tíṣà kọ sórí bébà búlúù, inú Bíbélì ni Àǹtí ń tọ́jú wọn sí pẹ̀lú òdòdó gbígbẹ. Mo rò nígbà náà pé ìwé Sáàmù ló ń kà tó fi ń rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ wà láàárín wọn. Ìlobù àti Ìfọ́n fara kanra, èdè kan náà là ń sọ, iṣu kan náà là ń jẹ, àmọ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó bí Bàbá Àgbà. Lẹ́bàá ààlà gan-an sì ni oko tirẹ̀ wà. Ó ti bá àwọn ará Ìfọ́n jà níbẹ̀ láyé rẹ̀, wọ́n sì ti bá a jà. Nígbà tí àwọn ẹbí Tíṣà ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ wá mọ̀ wá, odindi ọjọ́ méjì ni Bàbá Àgbà fi rò ó. Lọ́jọ́ kẹta ló pe Àǹtí. Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo máa gbà wọ́n sílé. Bí nǹkan kan bá wọ́ lọ́jọ́ náà, n ò fẹ́ gbọ́ orúkọ ọmọkùnrin yẹn lẹ́nu ẹ mọ́." Àǹtí kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, Bàbá."

Yéè, ìmúra ọ̀sẹ̀ yẹn! A fọ ògiri, a fọ àga, a fọ gbogbo aṣọ kóróṣè, a fi wọ́n sínú omi búlúù kí wọ́n lè funfun. Ó wá ku sítáàṣì tó máa mú wọn le. Lọ́jọ́ Jímọ̀, Àǹtí ń lọ Òṣogbo láti ra ife tíì tuntun, ló bá fi iṣẹ́ náà lé mi lọ́wọ́. "Sítáàṣì ẹ̀gẹ́ wà nínú ìkòkò kékeré. Fi omi gbígbóná pò ó, kó o rì wọ́n sí i, kó o sá wọn. Ìwọ ni mo fọkàn tán o." Inú mi dùn débi pé mo fò sókè.

Mo débi ìkòkò, ewúrẹ́ ti lá a mọ́. Kò kù kan. Ẹkún gbọ̀n mí. Bí mo ṣe wò yíká báyìí, mo rí ẹ̀kọ mímu tí Ìyá Àgbà ṣe sílẹ̀ fún àbúrò mi. Ó funfun, ó kúnná, ó ń fà. Kí ló tún wá yàtọ̀ sí sítáàṣì? Mo bomi gbígbóná lé e, mo ri gbogbo kóróṣè Àǹtí sínú ẹ̀, mo sá wọn sórí ẹní. Nígbà tí wọ́n gbẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò rí irú ẹ̀ rí! Wọ́n le gbagidi, wọ́n ń dán, etí wọn dúró bí adé. Nígbà tí Àǹtí dé, ó gbá mi mọ́ra. "Ọwọ́ ẹ yìí, Ọlọ́run á bù kún un." Mi ò dárúkọ ẹ̀kọ.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n dé. Bàbá tó bí Tíṣà ló ṣíwájú, bàbá gíga kan tí kò rẹ́rìn-ín rárá. Àwọn ará Ìfọ́n jókòó sí ọ̀tún, àwọn tiwa jókòó sí òsì. Wọ́n kí ara wọn bí ó ti yẹ, wọ́n bèèrè ilé, wọ́n bèèrè ọmọ, kò sẹ́ni tó bèèrè oko. Gbogbo wọn le ju kóróṣè mi lọ. Àǹtí wọlé pẹ̀lú aṣọ ọlọ́rùn gíga àti ìbọ̀wọ́ funfun, ó kúnlẹ̀, ó fún Bàbá Tíṣà ní tíì nínú ife tuntun.

Ni Bàbá Tíṣà bá họ ọrùn. Bàbá Àgbà náà họ itan. Mo gbójú wo ẹ̀yìn àga. Ẹ gbà mí! Èèrà ti tò láti ojú fèrèsé wá, wọ́n ti bo gbogbo kóróṣè, kóróṣè funfun ti di aláwọ̀ ilẹ̀. Kí n tó lanu, Bàbá Tíṣà ti figbe ta, "Yéè!" Ó fò sókè, tíì dà sórí aṣọ tábìlì ńlá tí Àǹtí fi oṣù mẹ́fà hun. Bàbá Àgbà ní, "Kí ló..." Kò tíì parí ẹ̀ tí òun náà fi fò dìde, ó di ṣòkòtò mú. "Orí mi o!" Àgbà ìlú méjì ń jó láìsí ìlù. Nígbà tó yá, mo gbọ́ tí Bàbá Àgbà ń sọ pé, "Ẹ dúró, ọ̀kan wà lọ́rùn yín," ó sì ń gbọn ọrùn ará Ìfọ́n. Ará Ìfọ́n náà yí i padà, ó ń gbá ẹ̀yìn rẹ̀. "Wọ́n pọ̀ níbí, bàbá. Ẹ má mira."

Lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn rántí ibi tí wọ́n wà. Àǹtí dúró sí àárín pálọ̀, omijé ń bọ́ sórí ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Mo wo ojú rẹ̀, mo mọ̀ pé èmi ni mo ti tú ìgbéyàwó rẹ̀ ká. Mo wólẹ̀ lórí eékún mi méjèèjì.

"Èmi ni sà. Ẹ̀kọ ni mo fi ṣe sítáàṣì."

Bàbá Tíṣà wò mí. "Ẹ̀kọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni sà."

"Ó ní ṣúgà?"

"Púpọ̀, sà."

Ejìká bàbá náà kọ́kọ́ mì. Ìgbà tí ẹ̀rín wá bú jáde, ó ní láti di ògiri mú. Ó ní, "Ibi tó bá dùn lèèrà ń lọ. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa lọ́mọ yín kí èèrà tó jẹ wá tán." Bàbá Àgbà gbìyànjú láti lejú, kò ṣeé ṣe. Òun náà ti ń rẹ́rìn-ín, ó ń họ itan. "Ẹ mú un," ló wí, "ẹ mú un, kí n lè ríbi jókòó nílé ara mi."

Bí Àǹtí Morẹ́nikẹ́ ṣe di ìyàwó Ìfọ́n nìyẹn o. Láti ìgbà náà títí mo fi dàgbà, Eléèrà làwọn ará agboolé ọkọ rẹ̀ ń pè mí, tí mo bá sì dé ibẹ̀, wọ́n á ti gbé ẹ̀kọ sílẹ̀ dè mí. Nínú àpótí tí Bísí fi ránṣẹ́ yìí ni mo ti rí aṣọ tábìlì ọjọ́ náà. Àbàwọ́n tíì ṣì wà lára rẹ̀, ó rí rẹ́súrẹ́sú. Pálọ̀ alámọ̀ ti di búlọ́ọ̀kù, lẹ́tà ti di fóònù, kò sì sẹ́ni tó ń fi ọmọdé sáàárín olólùfẹ́ méjì mọ́. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni kò yí padà. Láti ìgbà tó tún ti le láìpẹ́ yìí, Bísí kò wá sílé wa, àwa náà ò lọ. Ó dùn mí gan-an. Awakọ̀ ló gbé àpótí wá, kì í ṣe òun. Títí ní òun ti pè é síbi tíì, pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Mo bèèrè ohun tó wí. "Ó ní àwọn á rí i." Mo mọ ohun tí "a á rí i" ń jẹ́ lẹ́nu àgbà.

Lọ́jọ́bọ̀, èmi àti Títí jókòó ti sítáàṣì, a fẹ́ fi mú aṣọ tábìlì náà le. Ó ń tẹ fóònù lọ, ló bá ké: "Ìyá Àgbà! Wọ́n ní omi ṣúgà làwọn òyìnbó fi ń mú léèsì le láyé Kúìnì Fikitóríà!" Ẹ gbà mí o! Ìyẹn ni pé láti ọjọ́ tí ìtìjú ẹ̀kọ yẹn ti wà lọ́rùn mi, èmi gan-an ni mo mọ iṣẹ́ jù nínú ilé! Mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún díẹ̀, mo sọ ìtàn náà fún un látòkèdélẹ̀. Lẹ́yìn náà mo ní kó gbé agolo ṣúgà wá.

"Èèrà ńkọ́, Ìyá Àgbà?"

"Bù ú sí i."

Sátidé pé. Àwọn ọ̀rẹ́ Títí dé láti Òṣogbo pẹ̀lú àkẹtẹ̀ òdòdó, ariwo àti fọ́tò gba ẹ̀yìnkùlé kan. Mẹ́ta nínú àwọn àga ṣófo. Nígbà tí mo ti gbójú kúrò lọ́nà, mo rí agboòrùn kan lẹ́nu géètì, léèsì àtijọ́ ń mì létí rẹ̀. Bísí ni, pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ méjì. Wọ́n kúnlẹ̀ kí mi, wọ́n jókòó sí ìkángun tábìlì, wọ́n le gbagidi. "Ẹ kú ilé, mà." "Ẹ kú àbọ̀." Ọ̀rọ̀ tán. Mo wo aṣọ tábìlì Àǹtí Morẹ́nikẹ́, mo rí èèrà kan tó gun etí rẹ̀, tó kọjá lára àbàwọ́n tíì, tó ń lọ tààrà síbi ọwọ́ Bísí. Mo gbé ife mi, mo mu tíì díẹ̀, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.