Abẹ́rẹ́ Tí Ìwé Àṣẹ Mi Kò Fàyè Gbà

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ta òògùn ní Ilo-Awela kí ìjọba tó gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ mi, n kò sì lè sọ pé wọ́n rẹ́ mi jẹ. Ara ògiri ni ìwé náà wà, nínú gíláàsì, ohun tó sì sọ kò ṣòroó yé èèyàn: kí n máa ta òògùn inú páálí, irú ti ẹ̀fọ́rí, ikọ́ àti ibà, kí n má ṣe gún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́. Èmi fúnra mi ni mo ń nu eruku ojú rẹ̀ láràárọ̀.

Ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò ń pè mí ní Dókítà. Lákọ̀ọ́kọ́, mo máa ń sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́mísì lásán ni mí." Nígbà tó yá, mo dákẹ́. Nígbà tó tún yá, bí ẹnì kan bá pè mí ní Bàbá Kẹ́mísì, inú á bí mi! Orúkọ yẹn ti kó sí mi lórí. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ tó yí wa ká kì í sì í ráyè lọ sí ọsibítù. Wọ́n fẹ́ gba abẹ́rẹ́ kan, kí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gún wọn nìyẹn.

Ràfíù, ọmọ Ìwó kan tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike, wà lára wọn. Mo gún un nídìí nítorí ibà. Ó figbe ta, ó ní ó dà bí ìgbà tí iná gbé òun títí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ń tiro. Mo mọ̀ pé iṣan tó lọ sí ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo gún. Nígbà tó bi mí, mo ní, "Òtútù ilẹ̀ sìmẹ́ńtì ilé iṣẹ́ yín ló wọ inú eegun ẹ." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọpẹ́ yẹn ṣì ń dùn mí dòní.

Lọ́jọ́ tí àwọn aláyẹ̀wò ìjọba dé, wọ́n rí síríńjì nínú dúrọ́ọ̀ mi. Mo ní mo kàn ń tà á ni. Obìnrin tó ṣáájú wọn ti fẹ́ gbà mí gbọ́ nígbà tí Ràfíù tiro wọlé láti gbèjà mi.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ fi dókítà wa sílẹ̀. Ọwọ́ wọn dáa gan-an. Èmi tẹ́ ẹ̀ ń wò yìí, àwọn ló gún mi lábẹ́rẹ́ nígbà tí ibà dá mi wólẹ̀!"

Obìnrin náà wo ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ìgbà wo lo ti ń tiro?"

"Látọjọ́ yẹn náà ni, mà. Òtútù ni. Àwọn náà ló sọ fún mi."

Ọjọ́ náà ni wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù mi pa. Ìgbìmọ̀ tó ń fún wa níwèé àṣẹ pè mí kí n wá wí tẹnu mi. Lẹ́tà tí wọ́n fi gba ìwé àṣẹ náà kò ju ojú ewé kan lọ.

Lẹ́yìn náà, mo lọ bá Ràfíù nílé. Àgbà bíi tèmi, mo dọ̀bálẹ̀ fún un. Mo sọ fún un pé abẹ́rẹ́ mi ló ba ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́, pé mo mọ̀ látọjọ́ náà, pé irọ́ ni mo pa.

Kò pariwo.

"Kì í ṣòtútù, sà? Torí òtútù yẹn ni mo ṣe fiṣẹ́ sílẹ̀."