Ohun Tí Bàbá Ṣíọ̀ Bá Lábẹ́ Ilẹ̀ Ọkọ̀

Orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ ṣì wà ńbẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń pè é mọ́. Bàbá Ṣíọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Nǹkan kékeré ló máa ń kó o nírìíra, bó bá sì ti kó o nírìíra, á yínmú, á fa ètè sókè, á ní "Ṣíọ̀!" Bí irun bá bọ́ sínú omi tí wọ́n gbé fún un, ṣíọ̀. Bí ẹnì kan bá fi ọwọ́ tó fi nu imú bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ṣíọ̀, á sì gba ìdí omi lọ, á máa bi wọ́n pé ọṣẹ dà. Ìyàwó rẹ̀ máa ń ròyìn ọjọ́ tí òun bí àkọ́bí àwọn, tí wọ́n gbé ọmọ náà fún un tẹ̀jẹ̀tẹ̀jẹ̀. Ó ní ojú tó fi wò ó, àfi bí ẹni tí wọ́n gbé ẹja tí wọn ò tíì fọ̀ lé lọ́wọ́. "Mo ní, ọkọ mi, ọmọ rẹ mà ni o." Ó ní òun mọ̀, ṣé wọn ò lè kọ́kọ́ ṣan án ni?

Ẹ wá wo irú iṣẹ́ tó bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ láyé. Páńẹ́lì-bítà ni. Ọkọ̀ tó forí sọ igi, ọkọ̀ tí ìpẹtà ti jẹ bí ikán ṣe ń jẹ pákó, ọkọ̀ tí adìyẹ ti ń yé sí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń wọ́ gbogbo wọn wá. Tó bá ń ṣiṣẹ́, ẹ óò máa gbọ́ òòlù, gan, gan, gan, ẹ óò sì máa gbọ́ ṣíọ̀ láàárín rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń dá ara rẹ̀ gberin.

Lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́ náà. Bàbá yìí, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, kò fẹ́ rí pọ́tì sójú, ìyẹn ohun rírọ̀ tí àwọn oníṣẹ́ fi ń dí ihò ara ọkọ̀ kí wọ́n tó kùn ún lọ́dà. Ó ní àtíkè lójú ẹni tí ò wẹ̀ ni pọ́tì. "Ibi tó bá ti bàjẹ́, gé e dànù. Irin ni kó o fi dí irin." Bàbá Ṣíọ̀ di ọ̀rọ̀ yìí mú bí ẹni di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú lọ́jà. Bó bá rí pọ́tì tó nípọn lára ọkọ̀ ẹlòmíì, àfi kó tutọ́.

Bàbá náà wá fi ọkọ̀ kan sílẹ̀. Ọkọ̀ Amẹ́ríkà ayé àtijọ́ ni, ó gùn gbọọrọ, ìdí rẹ̀ ní lẹbẹ méjì bíi ti ẹja, irin tó wà níwájú rẹ̀ ń dán bí eyín ẹni tó ń rẹ́rìn-ín ẹlòmíì. Ọkọ̀ yìí ló fi ń gbé ìyàwó rẹ̀ kiri nígbà ayé rẹ̀. Látìgbà tó ti kú ni wọ́n ti wọ́ ọ sábẹ́ páànù lẹ́yìn ilé, tí wọ́n sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

Ìyá wọn kì í ṣe ẹni tó ń bèèrè nǹkan. Bí ẹ bi í léèrè pé kí ló fẹ́, á ní kí ẹ lọ tọ́jú ọmọ yín. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tó la ẹnu lọ́jọ́ kan, gbogbo ilé ló tẹ́tí.

"Orúnkún mi ti fẹ́ máa kọ̀ṣẹ́," ó wí. "Kó tó kọ̀ ọ́ pátápátá, mo fẹ́ jókòó nínú ọkọ̀ bàbá yín lẹ́ẹ̀kan sí i. Iwájú o, n ò fẹ́ ẹ̀yìn. Kẹ́ ẹ gbé mi yí àdúgbò ká."

Bàbá Ṣíọ̀ ní, "Màámi, ẹ ti jókòó nínú rẹ̀ tán."

Àbúrò rẹ̀ tó ń kun ọkọ̀, tí wọ́n ń pè ní Péńtà, ní kò le rárá. Kí àwọn fọ̀ ọ́, kí àwọn fi pọ́tì dí ibi tó bá lu, kí òun kùn ún, ó parí. "Bùọ̀dá, ṣé Màámi fẹ́ lọ dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ wo ìdí rẹ̀ ni?"

"Ṣíọ̀! Ọkọ̀ Bàbá lo fẹ́ fi pọ́tì sí lára? Títú la máa tú u. Títí kan egungun."

Bí wọ́n ṣe wọ́ ọ dé ibi iṣẹ́ nìyẹn. Ìyá wọn náà ní kí wọ́n gbé àga òun síbi ilẹ̀kùn, ó ń wá láràárọ̀, ó ń wòran.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun tí wọ́n bá nínú ọkọ̀ yẹn, ẹ má fi oúnjẹ sẹ́nu kẹ́ ẹ tó gbọ́ ọ. Eku ti sọ ìjókòó di ìlú. Tìmùtìmù rẹ̀ ti pọ́n bí búrẹ́dì tó bu, bí wọ́n ṣe fà á ya ni òórùn ìtọ̀ eku gbà wọ́n lójú, ojú ń ta wọ́n bí ẹni rẹ́ àlùbọ́sà. Ìyá eku kan gbẹ síbẹ̀ tòun tàwọn ọmọ rẹ̀, pẹlẹbẹ bí ìbọ̀sẹ̀. Ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, awọ aláǹgbá ló dí i. Bàbá Ṣíọ̀ fi aṣọ di imú, ó tún fi òmíràn lé e, ó fi igi kan tó gùn ju ara rẹ̀ lọ ń kó ẹ̀gbin náà jáde. Ó jáde lọ bì lẹ́yìn ògiri. Ó padà wọlé. Ó tún jáde.

"Oyún oṣù mélòó ni?" ìyá rẹ̀ bi í láti orí àga.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́."

"Mo kàn ní kí n mọ̀, kí n lè bá ọ ra aṣọ ọmọ."

Péńtà rẹ́rìn-ín títí ó fi dì mọ́ ògiri.

Mẹkáníìkì tó jẹ́ ọ̀rẹ́ wọn wá gbé ẹ́ńjìnnì lọ síbi tirẹ̀, ó ní ẹ́ńjìnnì ò ní wàhálà. Àwọn tẹ̀gbọ́n tàbúrò yọ ilẹ̀kùn, wọ́n yọ bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n yọ gíláàsì, ara ọkọ̀ wá ṣẹ́ kù gbàgà bí adìyẹ tí wọ́n hú níyẹ̀ẹ́. Bàbá Ṣíọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi orí òòlù kàn án níbí, kàn án lọ́hùn-ún, ó ń tẹ́tí. Irin tó bá dáa máa ń dún gan. Èyí tí ìpẹtà ti jẹ máa ń dún ṣákaṣàka. Ó kan ilé ẹ́ńjìnnì, gan. Ó kan ẹ̀yìn, gan. Ó kan ilẹ̀ ọkọ̀ níwájú, níbi tí ẹni tó bá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà ń gbé ẹsẹ̀ lé. Pọ̀.

Ó tún un kàn. Pọ̀. Bí ìgbà tí èèyàn fọwọ́ lu ògiri.

Ó fi ṣísù, irin ẹlẹ́nu mímú, sí i, ó gbá a. Ọ̀dà ṣí kúrò. Abẹ́ ọ̀dà, pọ́tì. Abẹ́ pọ́tì, ẹ wò ó, sìmẹ́ǹtì! Sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi ń mọlé, wọ́n rọ ọ́ sí ilẹ̀ ọkọ̀, wọ́n sì dán an bí ilẹ̀ yàrá. Nígbà tí sìmẹ́ǹtì náà fọ́, omi dúdú kan sun jáde, ó ń rùn bí ojú gọ́tà, ekòló méjì sì ń yí nínú rẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ kò ní irin mọ́. Sìmẹ́ǹtì máa ń mu omi, á gbé e pọ̀ mọ́ irin tòjò tẹ̀ẹ̀rùn, ìpẹtà á sì máa jẹun ní tirẹ̀. Aṣọ tí wọ́n ká pọ̀ ni wọ́n fi dí ihò náà nísàlẹ̀. Bàbá Ṣíọ̀ fi ẹnu ẹ̀mú fà á jáde, ẹrẹ̀ ń kán lára rẹ̀. Ó gbọn ọ́n. Aṣọ búlúù tó ní ẹyẹ funfun. Kọ́tìnnì pálọ̀ àwọn ni, nígbà tí àwọn ṣì kéré.

Èyí túmọ̀ sí pé kì í ṣe oníṣẹ́ ìta kan ló ṣe é. Nínú ilé ni wọ́n ti ṣe é. Ta sì ni páńẹ́lì-bítà inú ilé?

Ojú Bàbá Ṣíọ̀ yí padà. Ó ju aṣọ náà mọ́lẹ̀. Ìríra tó mú un lọ́jọ́ náà, ti eku ò tó o. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló ti fi ń bú àwọn onípọ́tì nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu bàbá yìí.

"Ṣíọ̀!" ó pariwo. "Ẹni tó ṣe iṣẹ́ yìí, ọ̀bùn ni! Ọ̀lẹ ni! Alábòsí ni! Ọwọ́ tó lè ṣe irú èyí, kò yẹ kó bu oúnjẹ sẹ́nu!"

"Bùọ̀dá!" Péńtà dì í lápá mú. "Bàbá wa lẹ̀ ń bú yẹn o."

"Mo mọ ẹni tí mò ń bú!"

Ìyá wọn dìde lórí àga. Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó rọra ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ lọ sílé. Lọ́jọ́ kejì, kò wá. Lọ́jọ́ kẹta, kò wá.

Bàbá Ṣíọ̀ ò fọwọ́ kan ọkọ̀ náà mọ́. Ó ní kí àwọn tó ń ra irin àlòkù wá wọ́ ọ lọ. Péńtà ní, "Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́, Bùọ̀dá. Màámi ńkọ́? Kí la fẹ́ sọ fún wọn?" Bàbá Ṣíọ̀ gba ìdí omi lọ, ó ń fọwọ́. Ìyàwó rẹ̀ ló wá fún un lésì gidi nígbà tó gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀.

"Mo ti ọ̀dọ̀ Màmá bọ̀. Wọ́n ní bẹ́ ẹ bá tún ọkọ̀ yẹn ṣe kó dà bíi góòlù, àwọn ò ní wọ̀ ọ́. Kí lẹ sọ sí ìyá arúgbó?"

Oúnjẹ ò lọ mọ́. Ó gba ilé ìyá rẹ̀ lọ. Ó bá a níbi tó ti ń ká aṣọ lórí ibùsùn. Ó kí i, ìyá náà jẹ́ ẹ, àmọ́ kò gbójú sókè.

"Màámi, ẹ má bínú. Inú ló bí mi. Bàbá ló kọ́ mi pé..."

"Bàbá rẹ kọ́ ló ṣe é," ìyá náà wí. "Èmi ni."

Bàbá Ṣíọ̀ ń wò ó bí ẹni tí kò gbọ́.

"Èmi ni mo po sìmẹ́ǹtì, tí mo fi pọ́tì àti ọ̀dà bò ó. Èmi ni mo ya kọ́tìnnì. Ọwọ́ ọ̀tún bàbá rẹ ti ń gbọ̀n nígbà yẹn. Ó lè fi di ọkọ̀ mú, àmọ́ kò lè fi jó irin pọ̀ mọ́. O rò pé kí ló dé tó fi gbé òòlù fún ọ, tó ní ó tó gẹ́ẹ́ kí ìwọ náà máa ṣe ọ̀gá?"

"Ó ní mo ti mọ iṣẹ́."

"O mọ iṣẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Àpò ló ń tì í bọ̀ kẹ́ ẹ má baà rí i. Bí òjò bá ti rọ̀, omi á gba ilẹ̀ ọkọ̀ wọlé, á rin mí lẹ́sẹ̀, kò sì lè sọ fún ọ, torí wàá bi í pé kí ló dé tí kò fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Ó wá sú mi. Mo ti rí bí àwọn bíríkìlà ṣe ṣe ilẹ̀ ìdáná mi. Mo ní bó tiẹ̀ jẹ́ irin, ṣebí ilẹ̀ náà ni."

"Ṣùgbọ́n Màámi," kò mọ ìgbà tó bọ́ lẹ́nu rẹ̀, "sìmẹ́ǹtì! Lára irin!"

"Ìwọ ọmọ yìí!" Ó ju aṣọ sílẹ̀. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí i, àwọn ìka náà ti wọ́. "O ní ọwọ́ tó ṣe é ò yẹ kó bu oúnjẹ sẹ́nu. Ọwọ́ yìí ló bu oúnjẹ sí tìẹ lẹ́nu. Nígbà tó ò tíì mọ irin, nígbà tó o ń ṣu sára, ṣé ẹnì kankan ní ṣíọ̀ sí ọ?"

Bàbá Ṣíọ̀ kúnlẹ̀ síbẹ̀ bí ọmọ kékeré. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, ta ló lè kó o? Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀, ọwọ́ tó máa ń fọ̀ ṣáá, ara rẹ̀ sì ń kó o nírìíra.

"Ẹ forí jì mí, Màámi. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì."

"Kò ṣeé gbé mì, ó ti jáde." Ó mí kanlẹ̀. "Mi ò fẹ́ kó o gbé mi sọ́kọ̀ bí ẹni ń fi ẹran bẹ aládùúgbò. Mo fẹ́ rí bó ṣe yẹ kí n ti ṣe é. O máa ń bú gbogbo ayé pé wọn ò mọ̀ ọ́n ṣe. Ó dáa, kọ́ mi."

Bí àga ìyá ṣe padà síbi iṣẹ́ nìyẹn, àmọ́ kò jókòó sórí rẹ̀. Ó di iná tọ́ọ̀ṣì mú fún wọn nígbà tí wọ́n ń gé ilẹ̀ ọkọ̀ náà dànù títí dé ibi tí irin ti mọ́ tónítóní. Bàbá Ṣíọ̀ gé irin tuntun, ó sì fi òòlù lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ rọra máa nà án láti etí bọ̀ láàárín." Ìyá náà nà án. Háà. Ibi tó yẹ kó wọlé ló yọ síta, ibi tó yẹ kó yọ síta ló wọlé. Irin ọ̀hún wú bí ojú ẹni tí oyin ta. Péńtà yíjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń mì. Bàbá Ṣíọ̀ pa ẹnu dé, eyín ń gún ara wọn nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní ṣíọ̀.

Ìyá náà nu òógùn, ó lọ sílé. Kó tó yà lójú títì, Bàbá Ṣíọ̀ ti na irin náà tán, ó tẹ́ lọ bí omi inú agbada.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa á. "O ti tún un ṣe."

"Màámi, mi ò lè fara dà á. Ẹ bínú sí mi, ó kù sọ́wọ́ yín."

"Bàbá rẹ náà ì bá tún un ṣe," ó wí, "ká ní ọwọ́ rẹ̀ gbà fún un. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ sìmẹ́ǹtì mi wò, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó wá lọ jókòó sẹ́yìn ilé. Kò kúrò níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú." Ó na ọ̀pá sí irin náà. "Jó o mọ́ ọn, jẹ́ kí n rí i."

Wọ́n jó irin pọ̀. Wọ́n rán ìjókòó tuntun. Wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì padà sáàyè rẹ̀. Péńtà kùn ún ní àwọ̀ ewé tó wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò fi pọ́tì tó ìka kan sí i, ó ń ráhùn lórí rẹ̀ títí ó fi parí. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì náà sọ̀rọ̀, àwọn ọmọdé sá jáde nílé.

Òjò ti rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n jáde. Ìyá wà níwájú, Bàbá Ṣíọ̀ di ọkọ̀ mú, ó ń yà fún gbogbo ẹrẹ̀ bí ẹni ń yà fún ejò. Wọ́n dé ibi tí omi gọ́tà ti kún ojú títì, ó dúdú, ọ̀rá ń léfòó lórí rẹ̀.

"Wọ ibẹ̀," ìyá wí.

"Màámi! Ẹ̀gbin ni! Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún ni!"

"Mo ní wọ ibẹ̀."

Ó yínmú, ó dijú díẹ̀, ó sì wọ̀ ọ́. Omi rírùn náà fọ́n dé gíláàsì. Ìyá ti bọ́ bàtà rẹ̀ méjèèjì, ó tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹrẹsẹ, ó ń dúró. Wọ́n kọjá sí òdìkejì. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kan pa abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò. Ó gbẹ táútáú.

"Yí padà," ó wí. "Jẹ́ ká tún un wọ̀."