Kàsúmù Tún-un-sọ

Lọ́jọ́ tí olùkọ́ wá kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ìṣó kan ní Ògbà bí èèyàn ṣe ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, ebi ló gbé padà sílé. Kàsúmù ló sì sọ ohun tó fà á fún un.

Ọláfẹ́mi ni olùkọ́ náà ń jẹ́. Ó kéré lọ́jọ́ orí, ó wọ kóòtù, Omole, àdúgbò àwọn olówó, ló ti wá. Àwọn ọ̀gá ló pè é, wọ́n ní àwọn òṣìṣẹ́ kì í gbọ́ ara wọn yé. Ta ni yóò gbọ́ra yé níbi tí ẹ̀rọ mẹ́rìnlélógún ti ń gé wáyà sí ìṣó láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́? Ọwọ́ ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ìka méjì sókè: wáyà ti tán. Àtẹ́lẹwọ́ lórí: ọ̀gá ń bọ̀.

Ọláfẹ́mi ya orí èèyàn méjì sójú bọ́ọ̀dù, ó fa ọfà láti orí kan lọ sí èkejì.

"Ẹni tó sọ̀rọ̀ rèé," ó ní. "Ọ̀rọ̀ rèé. Ọ̀nà tó gbà rèé. Ẹni tó gbọ́ rèé. Àwọn ọ̀mọ̀wé ló ti ronú ẹ̀ látijọ́, nígbà tí wọ́n ń wo bí tẹlifóònù ṣe ń ṣiṣẹ́."

Kàsúmù dìde. Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rẹ̀ nìyẹn nídìí ẹ̀rọ kẹrin. Kò kàwé kọjá ìwé mẹ́ta.

"Ọ̀gá, ariwo dà?"

Inú Ọláfẹ́mi dùn. "Ó wà ńbẹ̀, Bàbá!" Ó ya nǹkan kan wọ́gọwọ̀gọ bíi mànàmáná sórí ọfà náà.

"Ó dáa. Ọfà tó ń padà bọ̀ ńkọ́?"

"Ìyẹn wà nínú àwòrán ti ọ̀la."

"Ti ọ̀la." Kàsúmù mi orí. "Ṣé ẹ ti ránṣẹ́ oúnjẹ yín?"

"Mo ti ránṣẹ́ sí ìyá tó ń se oúnjẹ. Mo ní kí wọ́n fi ìrẹsì àti ẹran méjì sílẹ̀ fún mi."

"Kí ni ìyá náà wí?"

"Èmi kọ́ ni mo lọ. Ẹnì kan ni mo rán."

"Kí lẹni náà wá jẹ́ fún yín nígbà tó dé?"

Ọláfẹ́mi wò yíká. Kò tiẹ̀ mọ ojú ẹni tó rán mọ́. Nígbà tí wọ́n fi jáde sí ẹ̀yìnkùlé, Ìyá Wàsíù, obìnrin tó ń se oúnjẹ, ti ń fọ ìkòkò. Kàsúmù wo ìkòkò, ó wo olùkọ́.

"Ọ̀rọ̀ yín lọ, ọ̀gá," ó ní. "Kò dé ni."

Ìtàn tí gbogbo èèyàn mọ̀ mọ Kàsúmù nìyẹn. Bọ́dúndé, tó wà nídìí ẹ̀rọ karùn-ún, jókòó tì í lọ́jọ́ náà. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ti di ọdún mẹ́fà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ sì ti lọ. Ìyá Wàsíù, tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ Kùdírátù, opó ni òun náà. Ó ti lé lọ́dún méjì tí Bọ́dúndé ti ń wá bó ṣe máa sọ fún un pé òun fẹ́ fẹ́ ẹ. Ojoojúmọ́ ló ń dúró níwájú ìkòkò rẹ̀, á la ẹnu, ohun tí á sì jáde ni, "Ìrẹsì àti ẹ̀wà."

Lọ́jọ́ kejì, ó tètè dé ibi ẹ̀kọ́. Ó jókòó níwájú. Ọláfẹ́mi fa ọfà tó ń padà bọ̀. Ó tún ya òbìrí méjì tí etí wọn wọnú ara wọn díẹ̀. Ó ní ohun tí olúkúlùkù mọ̀ láyé ló wà nínú òbìrí tirẹ̀, àfi èyí tó bá bọ́ sí ibi tí méjèèjì ti pàdé ni wọ́n lè jọ lóye. Bọ́dúndé tẹjú mọ́ ibi tí méjèèjì ti pàdé. Ó ronú ohun tó wà níbẹ̀ láàárín òun àti Ìyá Wàsíù. Ìrẹsì nìkan ló rí.

Ó ní láti wá ẹni tí yóò rán, Kàsúmù sì ni ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tó ní. Wàhálà ibẹ̀ náà nìyẹn.

Kì í ṣe lásán ni wọ́n ń pe Kàsúmù ní Tún-un-sọ. Ìka kékeré ọwọ́ òsì rẹ̀ kò sí. Lọ́dún tó kọ́kọ́ débi iṣẹ́, ó kígbe sí ẹnì kan pé kó má tíì tan iná ẹ̀rọ. Ó rò pé ẹni náà gbọ́. Láti ìgbà náà, bó o bá bá a sọ̀rọ̀, á tún un sọ fún ọ. Bó bá bá ọ sọ̀rọ̀, wàá tún un sọ fún un, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní kúrò lójú kan.

Ó lọ sí ọsibítù kan ní Ifákò. Ó to àìsàn rẹ̀ fún dókítà, dókítà ń kọ̀wé. Kàsúmù gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Dókítà, kí ni mo ní ó ń dùn mí?"

"Bàbá, orúnkún ni."

"Èwo nínú ẹ̀?"

Dókítà wo ìwé rẹ̀. "Ọ̀tún."

Kàsúmù gbé ẹsẹ̀ òsì lé tábìlì.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Ọmọ́bọ́láńlé, ra fóònù fún un. Ó fi hàn án pé bí àmì méjì bá ti di búlúù, ó túmọ̀ sí pé òun ti ka ohun tí bàbá kọ. "Ojú rẹ ló kà á," ni Kàsúmù wí. "Ìwọ ńkọ́?" Nígbà tí Ọmọ́bọ́láńlé bímọ, ó kọ ọ́ ránṣẹ́: "Bàbá, mo ti bí o. Ọkùnrin ni." Èsì dé kíá: "O ti bí. Ọkùnrin ni." Kò sí kú ewu, kò sí kú oríire. Ọmọ́bọ́láńlé fi ẹkún pè é. Kàsúmù ní, "Mo fẹ́ kó dá ọ lójú pé ó dé ná. Ayọ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn."

Irú ẹni tí Bọ́dúndé fẹ́ fi ṣe alárinà nìyẹn.

"Bá mi sọ fún Ìyá Wàsíù," ni Bọ́dúndé wí.

"Kí n sọ kí ni?"

"Sọ fún un pé... ẹ̀n..." Ikọ́ gbé e. "Pé mo kí i."

Kàsúmù la àgbàlá kọjá nínú oòrùn, ó dúró gbọnin níwájú ìkòkò.

"Bọ́dúndé ní, pé... ẹ̀n... hú-hù... pé òun kí ọ. Tún un sọ."

Ìyá Wàsíù gbé ṣíbí sílẹ̀. "Ikọ́ ńkọ́, Bàbá? Ṣé kí n tún ikọ́ náà wú?"

"Bó ṣe gbé e fún mi nìyẹn."

Ó tún un sọ, ó wúkọ́. Àwọn tó ń jẹun fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí bẹ́ǹṣì.

Bọ́dúndé gbọ́, ó bínú. "Kàsúmù! Bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ṣebí tọmọ là ń fi jẹ́ ẹ?"

"Èmi kì í ṣe ẹrú, n kì í ṣe ọmọ. Ọ̀nà ni mí. Ọ̀nà kì í dá sí ọ̀rọ̀ ẹni tó ń gba orí ẹ̀ kọjá."

"Ó dáa, kí ló wá wí?"

"Ó ní, 'Ẹ bá mi kí wọn.'"

"Ṣé ó rẹ́rìn-ín?"

"Kò fi ẹ̀rín rán mi."

Oṣù mọ́kànlá ni wọ́n fi ṣe é. Bọ́dúndé á ránṣẹ́ pé ẹ̀wà àná dùn. Èsì á dé pé kó dá àwo àná padà. Á ránṣẹ́ pé òjò yìí pọ̀. Èsì á dé pé lóòótọ́ ló pọ̀. Kàsúmù ń lọ, ó ń bọ̀, orúnkún ń dùn ún.

"Èyí tó wà níkùn ẹ kọ́ lò ń rán mi," ó sọ fún Bọ́dúndé lọ́jọ́ kan.

"Ó ku díẹ̀."

"O ní ó ku díẹ̀."

Nígbà tí ọyẹ́ mú, àìsàn dá Kàsúmù dùbúlẹ̀ nílé rẹ̀ ní Agége. Bọ́dúndé lọ wò ó. Ó rí bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe rù. Ẹ̀rù bà á, ẹ̀rù náà ló sì la ẹnu rẹ̀.

"Sọ fún Ìyá Wàsíù pé mo fẹ́ fẹ́ ẹ."

Kàsúmù lajú. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ. "O fẹ́ fẹ́ ẹ." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ó dé ọ̀dọ̀ mi, Bọ́dúndé. Ẹsẹ̀ mi ò lè gbé e débẹ̀ mọ́ ni."

Ní ọjọ́ kẹta, ó kú. Wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀.

Wọ́n ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Lọ́jọ́ kejì rẹ̀, Bọ́dúndé dúró títí gbogbo èèyàn fi jẹun tán, ó wá lọ bá Ìyá Wàsíù níbi tó ti ń ha ìdí ìkòkò.

"Ìyá Wàsíù."

"Ẹ̀n-ẹ́n, Bàbá."

Ó la ẹnu. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

"Ẹ jókòó," ni Kùdírátù wí. "Mo ti mọ̀."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Bàbá Kàsúmù náà ni. Láti ọdún tó kọjá, lọ́jọ́ kejì tí ẹ kọ́kọ́ rán wọn wá. Wọ́n tún padà wá, ọwọ́ òfìfo. Wọ́n wo ẹ̀yìn, wọ́n wo iwájú, bí ẹni tó fẹ́ jalè. Wọ́n ní, 'Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, kò sẹ́ni tó rán mi. Bọ́dúndé fẹ́ fẹ́ ọ, kò sì ní lè sọ ọ́. Má tún un sọ.'"

Bọ́dúndé ṣẹ̀ṣẹ̀ wá jókòó. "Oṣù mọ́kànlá! Kí ló dé tí ẹ ò fi dá mi lóhùn?"

"Ó ń dùn mọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wá ni," ni Kùdírátù wí. "Nínú oòrùn yẹn, tí wọ́n á tọ́ fìlà wọn, tí wọ́n á dúró bí ọmọ iléèwé, tí wọ́n á ní òjò yìí pọ̀. Mo rò pé bí mo bá gbà, wọn ò ní wá mọ́."

Ó rẹ́rìn-ín. Bọ́dúndé náà bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rín in títí ó fi rẹlẹ̀ fúnra rẹ̀, Kùdírátù sì fi etí ìró nu ojú. Ó bu ohun tó kù nínú ìkòkò sí àwo méjì, ó fi ẹran kọ̀ọ̀kan sí i.

"Lọ́jọ́ Àìkú, ẹ wá rí ẹ̀gbọ́n mi ní Oko Ọba," ó ní. "Alápatà ni wọ́n. Wọn ò fẹ́ ọ̀rọ̀ púpọ̀."

"Mo máa wá," ni Bọ́dúndé wí, ó sì wí i geerege.

Ọ̀rọ̀ Kàsúmù ni wọ́n fi jẹ ìrẹsì náà. Ó ti tutù, àmọ́ wọn ò kánjú.