Àbẹ̀kẹ́, Ìyáálé Mi Tó Ń Wo Egbò Iná Sàn ní Alajo

Áà, ikú ṣe wá léṣe o! Ó dìgbà, Àbẹ̀kẹ́, Ìyá Àdùkẹ́, ìyáálé mi àtàtà. Ẹ lọ, ẹ kò wẹ̀yìn. Èmi Ìyá Káyọ̀dé, ìyàwó yín, tí ẹ gbà tọwọ́tẹsẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n mú mi dé Accra láti Ògbómọ̀ṣọ́, tí ẹ mú lọ fi han gbogbo ọjà kí ọkọ wa tó ráyè kí mi dáadáa, èmi ni mo ń kọ èyí. Wọ́n ní kí n kọ ọ̀rọ̀ dídùn. Ẹkún àti ìbínú ló kún inú mi, méjèèjì ni n ó sì kọ.

Orogún layé ń pè wá. Ẹ kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wọlé wa. Ìdí ìkòkò ọṣẹ kan náà la jọ ń jókòó sí láti ìgbà tí òyìnbó ṣì ń ṣèjọba níbí títí òmìnira fi dé. Ọṣẹ dúdú yín làwọn ará Alajo, àdúgbò wa ní Accra, ń pè ní alata samina, wọ́n á ní kò sí ti ẹlòmíràn tó mọ́ ara bíi tiyín. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń se ọṣẹ, iná ni alábàágbé rẹ̀. Bí àdín kò bá ta síni lápá lónìí, omi eérú á bó ni níka lọ́la. Ibẹ̀ lẹ ti kọ́ ìtọ́jú egbò, kó tó di pé àdúgbò sọ yín di ìyá gbogbo ẹni tó fara jóná.

Omi tútù ni ẹ fi ń bẹ̀rẹ̀, ẹ ó máa dà á sójú ibi tó jóná títí ọmọ yóò fi dákẹ́ ẹkún. Ẹ kì í gbà kí wọ́n fi epo tàbí eérú lé e. Ìyá tó bá ti fi epo ra ọmọ rẹ̀ kó tó gbé e wá, á gba èébú kó tó gba ìtọ́jú. Oyin ló kàn, kí ẹ tó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ẹ ti fi yáná kó lè rọ̀ bò ó. Bó bá jẹ́ ọ̀bẹ ló géèyàn, oje igi làpálàpá ni ẹ ó kán sí i, ẹ̀jẹ̀ á dá. "Kosɛ, kosɛ," ìyẹn pẹ̀lẹ́ lédè Twi, lẹ máa ń fi rẹ ọmọ lẹ́kún, ì báà ṣe ọmọ Gà, ì báà ṣe ọmọ Haúsá. Ní ọ̀sẹ̀ òmìnira, nígbà tí gbogbo Accra ń jó, ẹ kò ráyè jó. Àwọn ọmọ tí bánńgà jó lọ́wọ́ kún ẹnu ọ̀nà wa, ìyá wọn ń bẹ̀ yín pé, "Maame Alata, mepa wo kyɛw," ìyẹn ni pé, "Ìyá Yorùbá, ẹ jọ̀ọ́."

Ẹ lófin kan. Ẹ ó na àtẹ́lẹwọ́ ẹni tó fara jóná sẹ́gbẹ̀ẹ́ egbò náà. Bí egbò bá ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tàbí tó bá jìn, ẹ kò ní tọ́jú rẹ̀. "Agbára ewé níwọ̀n. Ẹ tètè gbé e lọ sọ́sípítù." Mo gbọ́ ọ títí ó fi sú mi.

Òfin mìíràn ló gbà yín lọ́wọ́ wa. Ìyá yín ló fi lé yín lọ́wọ́: a kì í pariwo nídìí ìkòkò ọṣẹ, nítorí ọṣẹ tó bá gbọ́ igbe kì í dì. A kì í jà níbẹ̀, a kì í ké pe orúkọ èèyàn. Èmi tí mo lẹ́nu bí ẹyẹ ẹ̀gà, ẹ kọ́ mi ní dídákẹ́.

Ìkòkò tí a gbé kaná lọ́jọ́ náà kì í ṣe ti ọjà. Ọṣẹ tí Àdùkẹ́ yóò gbé lọ sílé ọkọ ni. Òkúta ààrò kan yẹ̀, ìkòkò fì, ọṣẹ tó ń hó sì dà sí yín nítan, ó wọnú ìró lọ. Mo rí i. Ẹ kò ké. Ẹ di ẹnu pọ̀, omijé ń dà lójú yín, ẹ rọra wí fún mi pé, "Ìyàwó, má pariwo. Máa ro ọṣẹ náà." Mo rò ó. Èyí tó ṣẹ́kù dì, ó dára ju gbogbo ọṣẹ tí a ti sè rí lọ.

Ẹ wọ yàrá, ẹ tilẹ̀kùn. Nígbà tí mo ní kí ẹ jẹ́ kí n wò ó, ẹ ní kò tó àtẹ́lẹwọ́. Ìyáálé mi, irọ́ lẹ pa fún mi. Ẹ kò fẹ́ kí ìgbéyàwó ọmọ yín yẹ̀, ẹ kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé àmì burúkú ti wọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo bẹ̀ yín. Mo sọ fún ọkọ wa, òun náà bẹ̀ yín. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní ta ni yóò wá kọ́ yín ní egbò? Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ẹ wọ léèsì, ẹ jó, ẹ kò jókòó. Àwọn àlejò ní ayọ̀ ni kò jẹ́ kí ìyá ìyàwó jókòó. Ẹsẹ̀ yín ni mò ń wò ní tèmi.

Kò pẹ́ tí Àdùkẹ́ wọlé ọkọ ni ibà dé. Òórùn egbò gba yàrá kan. Nígbà tí ọkọ wa fipá gbé yín lọ sọ́sípítù, tí nọ́ọ̀sì tú ìró yín, egbò náà ti gba itan dé orúnkún, ó sì ti kẹ̀. Dókítà béèrè ìdí tí a fi pẹ́. Ẹ kú kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Ẹ̀yin tí ẹ wo ọmọ ọlọ́mọ sàn, ikú egbò lẹ kú.

Ọṣẹ náà ṣì wà nínú agbọ̀n nílé ọkọ Àdùkẹ́. Ó ní òun kò ní fi wẹ̀ láéláé.

A kì í bá òkú jà, mo mọ̀, síbẹ̀ mò ń bínú sí yín. Àwọn ìyá ṣì ń gbé ọmọ wá. Mò ń da omi, mò ń fi oyin sí i, bí ẹ ti kọ́ mi. Ṣùgbọ́n òfin ìyá yín ti tán nílé yìí. Mo ti sọ fún gbogbo ọmọbìnrin tó ń jókòó nídìí ìkòkò mi pé bí iná bá jó wọn, kí wọ́n ké. Bí ọṣẹ bá fẹ́ bàjẹ́, kó bàjẹ́.

Ó dàbọ̀, Àbẹ̀kẹ́. Ọ̀nà tí ẹ ń lọ jìn, n kò sì sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Bí ohunkóhun bá dùn yín lọ́nà, ẹ má pa á mọ́ra mọ́. Ẹ pariwo, kí gbogbo ará ọ̀run gbọ́. Ìyáálé mi, ẹ sùn re o.