Ààlà Òkun ní West Point

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí ìjọ rán mi lọ sílé ìwé, tó sì fún mi ní iṣẹ́ tíṣà ní Monrovia. Oore Rẹ̀ ni mo fi ń jẹun. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo ṣe tí ọpẹ́ kò lè bò.

Àwa Yorùbá díẹ̀ máa ń pàdé ní Jallah Town fún ẹ̀kọ́ Bíbélì. Lọ́jọ́ tí a kà nípa igun mẹ́rin ayé, ọ̀rọ̀ di awuyewuye. Mo ní ayé rí roboto bí ọsàn, pé àkàwé ni igun mẹ́rin. Màmá, opó tó dàgbà jù láàárín wa, tó ń gbé ní West Point létí òkun, tó ń yan ẹja tà níbẹ̀, ní, "Tíṣà, tó bá rí roboto, ta ló di àwọn tó wà nísàlẹ̀ mú?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà ló ṣí Sáàmù tó sọ pé Ọlọ́run pa ààlà fún omi. Òkun ti gbé ilé àwọn aládùúgbò rẹ̀ lọ ní òjò tó kọjá, ọmọ rẹ̀ obìnrin sì ti wá yàrá fún un ní Logan Town, níbi tí òkun kò dé. Màmá bi mí bóyá àkàwé ni èyí náà. Ó ní bí kì í bá ṣe àkàwé, òun ò kó lọ síbì kankan.

Ọmọ rẹ̀ ń wò mí. Mo mọ ohun tó yẹ kí n sọ. Ṣùgbọ́n mo ti bá a jiyàn lẹ́ẹ̀kan níwájú ìjọ, wọn ò sì kọ́ mi nílé láti bá àgbà jiyàn lẹ́ẹ̀mejì ní ìjókòó kan. Mo tẹrí ba, mo ní, "Bí ẹ ṣe kà á yẹn náà ni, mà." Wọ́n ṣe àmín. Mo rò pé n óò lọ bá a nílé, kí n ṣàlàyé ní kọ̀rọ̀. N kò lọ.

Ní oṣù keje, omi wọlé láàárọ̀. Àwọn apẹja fa Màmá jáde lábẹ́ páànù, ṣùgbọ́n ó ti mu omi púpọ̀. Logan Town náà ni wọ́n padà gbé e lọ. Nígbà tí mo débẹ̀, ikọ́ ò jẹ́ kó sinmi.

Ó ní, "Tíṣà, má bọ̀wọ̀ fún mi lónìí. Ọ̀run tí mò ń lọ yìí, ṣé àkàwé ni?"

Mo ní, "Rárá, mà. Òótọ́ ni." Mo sì gbà á gbọ́ tọkàntọkàn.

Ó wojú mi títí. "Bẹ́ẹ̀ náà lo wí lọ́jọ́sí," ló sọ, ó sì kọjú sí ògiri. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e la sin ín.

Ìwọ tó ń ka èyí, kí Ọlọ́run fi òtítọ́ sí ọ lẹ́nu nígbà tó ṣì lè gba ẹ̀mí là. Kí ẹni tó fọkàn tán ọ má ṣègbé nítorí ìtẹríba rẹ. Àmín.